Pákó Tí Mádáwọnlóhùn Sùn Lé

Èmi kì í bẹ̀rù àbàwọ́n. Ẹ bi àwọn ará Ṣógúnlé léèrè Ìyá Diamond alágbàfọ̀ (Diamond lorúkọ ṣọ́ọ̀bù mi), wọ́n á sọ fún yín. Epo pupa, ẹ̀jẹ̀, gíríìsì mẹkáníìkì, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn alágbàfọ̀ mìíràn máa ń fi ẹ̀bẹ̀ dá padà fún oníbàárà, gbogbo ẹ̀ ni mo ti fọ̀ kúrò rí. Ẹnu mi mú, inú sì tètè máa ń bí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ́. Ẹni tó bá ń wá alágbàfọ̀ onísùúrù, kó lọ wá a sí Okota.

Nítorí náà, nígbà tí mo gba yàrá àti pálọ̀ nílé Àǹtí Bánkẹ́, tí mo rí àbàwọ́n dúdú kan lára ilẹ̀ pákó tó wà nínú yàrá, ẹ̀rín ni mo rín. Ilé náà ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì ní àtẹ̀gùn. Ìyẹn nìkan ni mo ń wò, torí Màámi ni mo ṣe gbà á. Màámi, Àlàájà Ṣùkúrátù, ń dá gbé ní Ìwó láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ẹni tó ń gbé omi wá fún wọn fi kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, oorun ò dùn lójú mi mọ́. Mo búra pé Màámi ò tún ní dá gbé mọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Mo fi ọdún ju Àǹtí Bánkẹ́ lọ o, ṣùgbọ́n ta ló ń pe onílé ẹ̀ lórúkọ lásán? Mo bi í pé ta ló fi pákó tẹ́ ilẹ̀ yàrá bí ilé òyìnbó.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Bàbá Ọládàpọ̀," ó ní. "Kafíńtà ni wọ́n. Wọ́n ní òtútù sìmẹ́ǹtì ń mú àwọn lórúnkún, ni wọ́n bá fi pákó igi apá tẹ́ ẹ. Pákó gidi ni o, kòkòrò ò lè jẹ ẹ́."

"Àbàwọ́n yìí ńkọ́?"

Ó kọjú sí fèrèsé. "Wọ́n ní ajá kan nígbà ayé wọn."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì tọpinpin. Ìtọ̀ ajá lásánlàsàn, kí ni ìyẹn máa fi alágbàfọ̀ ṣe?

Táòfíkì àbúrò mi, tó ń ta bàtà ní Òṣòdì, ló lọ gbé Màámi wá láti Ìwó. Màámi fi ọ̀pá wọn wọlé, wọ́n gbàdúrà sí pálọ̀, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n sì dúró.

"Memuna, ajá wà nínú ilé yìí."

"Kò sí ajá o, Màámi. Ti ọjọ́ pípẹ́ ni."

"Ọjọ́ pípẹ́ kẹ̀? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni." Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí àbàwọ́n náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè fi hàn wọ́n pé ó ti gbẹ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Pákó náà ti gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ibùsùn tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Oòrùn ò sì dé ibẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn kíá.

Màámi ò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n ní àwọn ò lè fi iwájú orí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run lórí ìtọ̀ ajá, pé nájísì ni, ẹ̀gbin tó ń ba ìrun jẹ́, àti pé àwọn ti dàgbà kọjá kí àwọn máa bá Ọlọ́run ṣe àwàdà. Mo ní kí wọ́n máa kírun ní pálọ̀. Wọ́n ní òórùn náà dé pálọ̀. Ilé Táòfíkì ńkọ́? Yàrá kan ṣoṣo ni, òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ ló kún inú ẹ̀ dẹ́nu.

"Títí ààwẹ̀ á fi wọlé ni mo fún ẹ," Màámi wí. "Ṣọ́ọ̀bù ẹ ni n ó máa sùn kó tó di ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n n ò ní gba ààwẹ̀ nílé ajá. Bí kò bá mọ́, ẹ gbé mi padà sí Ìwó."

Mo mọ Màámi. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, ó tán nìyẹn. Mo tún rí balùwẹ̀ Ìwó lójú mi, omi nílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ni mo bá ká aṣọ sókè, mo dojú kọ pákó. Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n ò mira. Mo da bílíìsì sí i, àṣìṣe ńlá nìyẹn; bílíìsì họ ojú pákó tó yí i ká, àbàwọ́n fúnra ẹ̀ wá dúdú kirikiri láàárín. Mo fi fínígà ra á, mo bu sódà lé e. Mo lọ ra oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì, èyí tó máa ń hó, tí wọ́n ń pè ní háídírójìn. Mo rẹ àkísà sínú ẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí àbàwọ́n, mo fi láílọ́ọ̀nù bò ó kí ó má bàa tètè gbẹ. Ó hó, bó ṣe yẹ kó hó. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kó dákẹ́, kò dákẹ́. Láílọ́ọ̀nù náà ń gbé sókè, ó ń lọ sílẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹ̀gbẹ́ ẹranko tó ń sùn. Mo dúró wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo ní afẹ́fẹ́ ni.

Nǹkan tó ń bí mi nínú jù ni pé gbogbo ìgbà tí omi bá ti kàn án ni òórùn náà máa ń jí pépé. Ìtọ̀ tó ti gbẹ láti ọjọ́ yìí, òórùn ẹ̀ á jáde bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bu sódà lé ibẹ̀ kí ó fa òórùn náà, ó kún, ó tẹ́jú, ó funfun. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ bá Màámi ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń kírun láàárín aṣọ oníaṣọ. Nígbà tí a kírun Alásàrí tán, mo padà sílé. Àmì ẹsẹ̀ ajá wà nínú sódà náà. Ó rìn láti etí rẹ̀ wọ àárín, ó sì pin síbẹ̀. N ò rí ẹsẹ̀ kankan tó jáde.

Mo gba ọ̀dọ̀ Àǹtí Bánkẹ́ lọ tìbínú-tìbínú. "Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ ajá yìí fún mi látòkèdélẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ o!"

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní Bàbá Ọládàpọ̀ ò bímọ, àwọn ìyàwó ilé a sì máa sọ òkò ọ̀rọ̀ sí wọn. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn lọ ra ajá, wọ́n sọ ọ́ ní Mádáwọnlóhùn. Bí àwọn obìnrin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìnkùlé, bàbá á jáde sí gbangba, wọ́n á pe ajá wọn: "Mádáwọnlóhùn! Mádáwọnlóhùn o!" Gbogbo ilé á gbọ́.

Ẹ̀rín pa mí láìròtẹ́lẹ̀. Mo mọ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ní Ìwó, tí wọ́n ń fi orúkọ ajá bú èèyàn, tí ẹni tí wọ́n bú ò sì lè bínú.

"Nígbà tí bàbá kú," Àǹtí Bánkẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ajá náà ò jáde mọ́. Ibi tí bàbá ń gbé ẹsẹ̀ lé tí wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló ń tọ̀ sí. A gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ. Ìgbà tó ṣe, mo ṣílẹ̀kùn, n ò bá a níbẹ̀."

"Ó rí àyè jáde nìyẹn."

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, Ìyá Diamond. Irin sì wà lójú fèrèsé."

Mo ní kò burú. Lọ́jọ́ kejì mo pe Ọláyanjú kafíńtà, mo ní kó yọ gbogbo pákó tí àbàwọ́n wà lára ẹ̀. Ó fi irin wú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó yí ọ̀kan padà, ó fi hàn mí: ìtọ̀ náà ti la pákó já dé ẹ̀yìn.

"Ọṣẹ wo lẹ rò pé ó máa dé ibí yìí, mà?" ó ní.

"Pákó lo wá yọ, o ò wá kọ́ mi ní ìfọṣọ," mo dá a lóhùn.

Ó fi pákó tuntun dí i. Màámi ní ká fi iyẹ̀pẹ̀ ra gbogbo ilẹ̀ náà, ká sì da omi sí i léraléra gẹ́gẹ́ bí àwọn àfáà ṣe kọ́ àwọn. Nígbà tó gbẹ, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fimú fínlẹ̀. "Ó ti jáde," wọ́n wí. Wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun wọn. Omi bọ́ lójú mi, n ò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Àwa méjèèjì gba ààwẹ̀ pọ̀ nínú yàrá náà. Màámi á máa ka tẹ̀sùbáà, èmi á máa lọ aṣọ. N ò rántí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Pákó àtijọ́ ńkọ́? Àǹtí Bánkẹ́ ò jẹ́ ká dáná sun ún, ó ní ohun ìrántí Bàbá Ọládàpọ̀ ni. Ẹ̀yìnkùlé la kó o sí, a fi ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Èmi náà ò sì fẹ́ kí wọ́n jù ú. Ẹ jọ̀ọ́, alágbàfọ̀ wo ló máa gbà kí àbàwọ́n bá òun jà kó sì borí? Láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń tẹ́ wọn sílẹ̀, mo fi sáńpépà ha wọ́n, mo fi háídírójìn rẹ wọ́n, mo sì jẹ́ kí oòrùn lù wọ́n lójú àti lẹ́yìn.

Màámi a máa wò mí láti ojú fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Memuna, sún díẹ̀. O fẹ́ tẹ ìrù ẹ̀ mọ́lẹ̀."

Mo wo ilẹ̀. Pákó nìkan ni mo rí.

"Ó ti dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀," Màámi wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ adìyẹ lásán. "Kì í wọlé mọ́. Pákó ẹ̀ ló ń bá kiri."

Mo gbé ọwọ́ mi lé pákó tó wà níwájú mi. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ní oòrùn ni, ṣùgbọ́n oòrùn ò tíì ràn dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ṣèlérí fún mi pé pákó yẹn ò tún ní kàn mí mọ́."

"Láéláé, Màámi. Lójú ayé mi."

Lẹ́yìn Iléyá, àbàwọ́n náà jọ̀wọ́ ara ẹ̀. Ó tán pátápátá. Pákó apá náà mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, ó ń dán, ẹ ò lè mọ̀ pé nǹkan kan kàn án rí. Mo fimú sí i, n ò gbọ́ òórùn. Mo pe Àǹtí Bánkẹ́ wá wò ó, mo pe Ọláyanjú, mo pe aládùúgbò. Mo yan fanda lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Màámi nìkan ni kò kí mi kú iṣẹ́.

"Àbàwọ́n lo fọ̀," wọ́n wí láti ojú fèrèsé. "O ò fọ ajá."

Jímọ̀ kan ni Màámi lọ. Wọ́n kírun Àsùbáà tán, wọ́n sálámà, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní ìkírun wọn, bí ẹni fẹ́ sinmi díẹ̀. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo pariwo títí ilé fi kún.

Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwa obìnrin wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo bu omi. Mo fọ àárín ìka ẹsẹ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo fi lọ́fínńdà ra wọ́n, a fi lìkáfáànì wé wọn, wọ́n funfun, wọ́n mọ́. Nínú ìbànújẹ́ mi, mo ń sọ fún ara mi pé ó kéré tán, mo fi Màámi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láìlábàwọ́n. Níta, àwọn ọkùnrin ń sáré kiri. Mo ń gbọ́ ohùn Táòfíkì, mo ń gbọ́ ìró ayùn. N ò bi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àwọn ọkùnrin kírun sí Màámi lára, wọ́n sì gbé wọn lọ. Obìnrin kì í tẹ̀lé òkú dé ìtẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, ilé ni mo jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n dé, mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ pọn omi fún wọn kí wọ́n fọ ọwọ́. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì ṣófo. Ìyẹ̀fun pákó wà nílẹ̀, àti gígékù kan tí kò gùn ju apá mi lọ.

Bí ẹ bá mọ àṣà wa, ẹ ti mọ̀. Bí a bá gbé òkú sínú sàréè, pákó la máa fi bò ó lórí kí á tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i.

"Táòfíkì," mo pè é. "Pákó tó wà níbí ńkọ́?"

"A ti lò ó, ẹ̀gbọ́n mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé. "Ọlọ́run á san án fún yín. Nígbà tí mo rí i bó ṣe mọ́, tó ń dán, mo ní ẹ̀yin lẹ ti tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀ de Màámi. Gbogbo èèyàn ló ń yìn yín ní ìtẹ́. Àfáà pàápàá ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí."

Èmi tí inú tètè máa ń bí, mo wá ìbínú tì. Bí mo bá ti fi àbàwọ́n náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ta ni ì bá fọwọ́ kàn án? Ọwọ́ èmi fúnra mi ló fọ̀ ọ́ mọ́ títí tó fi yẹ Màámi. Mo wo ojú àbúrò mi tó ti wú fún ẹkún, n ò sì lè sọ fún un. N ò tíì sọ fún un títí dòní.

Láti ọjọ́ náà, ilé wá mọ́ jù. Ẹ̀yìnkùlé ò rùn, ilẹ̀ ò lọ́wọ́ọ́wọ́ níbì kankan. Mo mọ ibi tó lọ. Pákó ẹ̀ ló ń bá kiri.

Mo dọ́gbọ́n bi àfáà nígbà tí a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ní iyẹ̀pẹ̀ ń wẹ ohun gbogbo mọ́, Ọlọ́run ò sì ní bi òkú léèrè pákó. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ni mí. Mo mọ ohun tó máa ń wọ inú nǹkan lọ, tí kì í jáde.

Mo lọ sí ìtẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú. Lórí sàréè Màámi, níbi tí àyà wọn máa wà, ojú kan rin bí èyí tí wọ́n da omi sí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Òórùn náà sì jí pépé.

Mo sunkún níbẹ̀. Mo bú ajá náà, mo ní kó dìde lórí ìyá mi, mo ju iyẹ̀pẹ̀. Nǹkan kan ò yí padà. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo ronú kan Bàbá Ọládàpọ̀, àti ẹranko tó dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn tí kò jẹun. Kò ṣe Màámi ní ibi kankan. Kò kàn ní ibòmíràn tó máa lọ ni.

Lọ́jọ́ mìíràn, mo tún padà lọ sí ìtẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé gígékù pákó yẹn sínú báàgì. Mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ sàréè.

"Mádáwọnlóhùn," mo pè é, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe rò pé bàbá ń pè é tí kò bá sí ẹni tí wọ́n fẹ́ bú. "Ó tó. Dìde, jẹ́ ká lọ sílé."

Mo dúró. Díẹ̀díẹ̀, gígékù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbé e mọ́ àyà, mo sì kọrí sí ọ̀nà, n ò wẹ̀yìn. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òṣòdì, obìnrin tó jókòó tì mí yínmú, ó sún títí ó fi kan fèrèsé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí mo ń kọjá láàárín èrò, mo ń gbọ́ èékánná lára kọnkéré lẹ́yìn mi, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kò sáré, kò sì dẹ́yìn.

Mo gbé gígékù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, síbi tí mo ń gbé ẹsẹ̀ lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, pákó tuntun tí Ọláyanjú tẹ́ ti tutù. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì ó ti dúdú. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kírun báyìí, níbi tí Màámi ti máa ń kírun. Mo tún lọ wo sàréè wọn. Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ó sì ń rùn bí iyẹ̀pẹ̀.

Táòfíkì wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń rùn báyìí? Ẹ wo ilẹ̀! Ẹ̀yin alágbàfọ̀, ẹ ò ní fọ̀ ọ́ ni?"

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí. Nǹkan kan ti gbé ara lé ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó wúwo, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń mí jẹ́jẹ́. N ò fẹ́ kó dìde.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," mo ní. "Wá jókòó ní pálọ̀, mò ń bọ̀."